Bí Ìjọ Unitarian Kékeré Ṣe Lè Máa Jọ́sìn ní Ìlọrin Láìní Pásítọ̀

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹ̀yin kéréje tí ẹ ń pàdé ní pálọ̀ ẹnì kan ní Tankẹ, tàbí ní kíláàsì iléèwé aládàáni ní Gáà Akanbí, tàbí lábẹ́ igi máńgòrò ní Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán, tí ẹ fẹ́ máa sin Ọlọ́run kan ṣoṣo pa pọ̀ láìfi túláàsì mú ẹnikẹ́ni ka ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́. Àwọn Unitarian ni àwọn tí ìjọ wọn ti ara ẹ̀sìn Kìrìsìtẹ́nì yọ, tí wọ́n gbà pé ọ̀kan ṣoṣo ni Ọlọ́run, kì í ṣe Mẹ́talọ́kan. Ẹ kò ní pásítọ̀, ẹ kò sì lówó tí ẹ ó fi gba ọ̀kan. Kò séwu. Àìsí oníwàásù kọ́ ló máa ń tú ìjọ kékeré ká. Ẹnì kan ṣoṣo tó ń dá gbogbo iṣẹ́ ṣe ló ń tú u ká: òun ló ń ṣílẹ̀kùn, òun ló ń gbálẹ̀, òun ló ń wàásù, òun náà ló ń kówó, títí ọjọ́ tí ara rẹ̀ yóò fi kọ̀ ọ́, tí ìjọ yóò sì bá a wọlé lọ sùn. Nítorí náà, bí ẹ bá dé ìdí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ bi ara yín pé ta ni yóò ṣe é bí ẹni tó ń ṣe é báyìí bá lọ sí ìrìn àjò.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ kí àdúgbò kí ẹ tó kọ orin kankan

Kí ẹ tó to àga sílẹ̀, ẹ lọ kí alángùá àdúgbò, ẹ kí alága àwọn onílé, ẹ kí lémọ́mù mọ́sáláṣí tó sún mọ́ yín jù. Ẹni méjì tàbí mẹ́ta ni kó lọ, kí àgbàlagbà kan wà nínú wọn. Ìbéèrè tí wọn yóò kọ́kọ́ bi yín ni pé, “Ṣé Mùsùlùmí ni yín ni, àbí Kìrìsìtẹ́nì?” Ẹ má lọ bẹ̀rẹ̀ àlàyé tó gùn bí òpó. Ẹ ti jọ fohùn ṣọ̀kan lórí ìdáhùn kúkúrú kan láti ilé. Irú èyí dára: “Bàbá, Ọlọ́run kan ṣoṣo la ń sìn. Ara àwọn Kìrìsìtẹ́nì ni ìjọ wa ti yọ, àmọ́ a kì í lé ẹni tó bá jẹ́ Mùsùlùmí, a kì í sì í fa ọmọ ẹlòmíràn kúrò nínú ẹ̀sìn bàbá rẹ̀.” Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni wọ́n ń dúró gbọ́. Bí ẹ bá sì sọ ọ́, ẹ gbọ́dọ̀ dúró tì í.

Bí wọ́n bá bi yín pé ta ló dá irú ẹ̀sìn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láàárọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe ti àárọ̀ yìí. Ọdún 1568 ni ìgbìmọ̀ àwọn aláṣẹ ilẹ̀ Transylvania, tó wà ní Romania lónìí, pàdé ní ìlú Torda, tí wọ́n sì pàṣẹ pé kí oníwàásù máa wàásù bí òye rẹ̀ bá ṣe mọ, kí ẹnikẹ́ni má fìyà jẹ ẹ́ nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Dávid Ferenc, tó di olórí àwọn Unitarian níbẹ̀, wà lára àwọn tó jà fún un. Ní London, Theophilus Lindsey ṣí ilé ìsìn Unitarian sí òpópónà Essex ní 1774, nígbà tí òfin ilẹ̀ náà ṣì ka irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀, ó sì di 1813 kí wọ́n tó mú òfin ọ̀hún kúrò. Nílẹ̀ wa níbí, Èkó ti ní Ìjọ Ìṣọ̀kan Gbogbo Ẹ̀dá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, Yorùbá ni wọ́n sì fi ń kọrin.

Ní ti wákàtí, aago mẹ́wàá àárọ̀ Sunday dára, bí ẹ bá lè parí kí ìpè àìlà tó dún. Ṣùgbọ́n bí púpọ̀ nínú yín bá ṣì ń bá ìdílé wọn lọ sí ECWA tàbí Baptist láàárọ̀, ẹ mú aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn àlàásárì. Ẹ má ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ogún ènìyàn tó ń lo gbohùngbohùn nínú yàrá kan, àdúgbò ló ń wàásù fún, àdúgbò ò sì bẹ̀ ẹ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ pín iṣẹ́

Iṣẹ́ mẹ́rin ni kò ṣeé mánìí: ẹni tó ń mú kọ́kọ́rọ́, tó ń tètè dé láti gbálẹ̀ kó sì to àga, ẹni tó ń darí ìsìn, ẹni tó ń ṣètò jíjẹ mímu, àti ẹni tó ń wo àwọn tí kò wá. Ẹ kọ orúkọ sí ìwé fún oṣù mẹ́ta, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ẹ tún fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ìjọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní ju iṣẹ́ kan lọ nínú oṣù kan.

Ohun tó ń ṣòro níbi tiwa ni ọ̀rọ̀ àgbà. Bí bàbá ẹni àádọ́rin ọdún bá wà níjòókòó, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún tó yẹ kó darí ìsìn yóò máa yí ojú sí i ṣáá. Ọ̀nà kan wà tí a fi ń gbà á. Ní Sátidé, kí ọmọ náà lọ bá bàbá nílé, kó dọ̀bálẹ̀ tàbí kó kúnlẹ̀, kó ní: “Bàbá, èmi ni ọ̀rọ̀ kàn lọ́la. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi àdúrà ṣí i, kí ẹ sì jẹ́ kí n máa bá iṣẹ́ lọ.” Bàbá yóò gbàdúrà, yóò jókòó, yóò sì máa mi orí fún un. Bí a kò bá sọ fún un tẹ́lẹ̀, òun ni yóò darí ìsìn láti orí ìjókòó rẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ pé ìjọ kò lè dúró láìsí pásítọ̀ tàbí òyìnbó tó ń fowó ràn án lọ́wọ́, ẹ sọ ìtàn àwọn ará òkè Khasi ní India fún un. Ọmọ ilẹ̀ náà kan, Hajom Kissor Singh, ló dá ìsìn tiwọn sílẹ̀ ní 1887, nínú ilé, pẹ̀lú ènìyàn díẹ̀ tí wọ́n jọ sọ èdè kan náà. Ìjọ Unitarian ṣì wà lórí òkè wọ̀nyẹn títí di òní.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ìsìn fúnra rẹ̀

Wákàtí kan tó. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọdé yóò dà á rú, àwọn tó ní ìkómọ tàbí yìgì láti lọ yóò máa wo aago.

Ẹ fi iná bẹ̀rẹ̀. Àmì àwọn Unitarian káàkiri ayé ni ife tí iná ń jó nínú rẹ̀. Hans Deutsch, ọmọ Austria kan tó sá fún àwọn Nazi, ìyẹn àwọn ọmọlẹ́yìn Hitler ní Germany, ló yà á ní 1941 fún ẹgbẹ́ Unitarian tó ń ran àwọn tí ogun lé kúrò nílé lọ́wọ́. Kò sídìí láti ra ife òkèèrè. Ẹ lọ bá àwọn ìyá amọ̀kòkò ní Òkèlele, ẹ ra àwo amọ̀ tó fẹ̀ lẹ́nu, ẹ bu iyanrìn sí i dé ìlàjì, ẹ ri àbẹ́là mọ́ àárín rẹ̀. Iyanrìn náà ni kì í jẹ́ kí àbẹ́là ṣubú nígbà tí fáànù bá ń fẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọdé kan ṣáná sí i, kí àgbàlagbà dúró tì í. Àlejò kan lè ní ti Aládùúrà ni, ẹlòmíràn lè ní ẹ ń bọ iná ni. Kí ẹni tó ń darí sọ ní gbólóhùn kan pé ìmọ́lẹ̀ náà wà fún òtítọ́ tí a jọ ń wá, kó sì kọjá síbi tó kàn.

Lẹ́yìn náà ni orin. Ohùn òyìnbó tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ Yorùbá lé lórí láyé àtijọ́ máa ń gbé ohùn sókè níbi tí ọ̀rọ̀ ti yẹ kó lọ sílẹ̀, tí à ń fi orúkọ ohun kan pe òmíràn. Orin tó ní lílé àti ègbè ló dára jù fún ìjọ kékeré. Kò gba ìwé orin, kò gba dùùrù, àlejò sì ti mọ ègbè kí orin tó lọ yípo kejì. Ọmọ Ìlọrin tí wọ́n fi dàdàkúàdà tọ́ dàgbà kò nílò olùkọ́ fún èyí. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kan, agogo kan, ó parí. Bí ẹ̀yin fúnra yín bá ń ṣe ọ̀rọ̀ orin, ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde lẹ́nu bí ẹni ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ohùn tẹ̀lé e.

Ìwé kíkà méjì tó. Ọ̀kan láti inú Bíbélì, bó bá wù yín, èkejì láti ibòmíràn: Kùránì, ẹsẹ Ifá, ewì, tàbí ọ̀rọ̀ ọlọgbọ́n kan. Àwọn kan máa ń bẹ̀rù pé kíka Kùránì níbi ìsìn báyìí yóò dá wàhálà sílẹ̀. Wọn kò mọ̀ pé M. S. Cole, àlùfáà Kìrìsìtẹ́nì, ló túmọ̀ Kùránì sí Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1906. Síbẹ̀, ìlú ọlọ́wọ̀ ni Ìlọrin. Ẹ ka ìtumọ̀ ní Yorùbá, ẹ má fi Lárúbáwá tí ẹnu yín kò gbà ṣe ẹ̀ṣọ́, kí ẹni tí wọ́n fi ilé kéú tọ́ sì ni kó kà á bí irú rẹ̀ bá wà láàrin yín. Ẹ má gbé ìwé náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Wàyí o, ibi ayọ̀ àti ẹ̀dùn ọkàn. Tí ẹ bá máa gé nǹkan kan kúrò nínú ìsìn, ẹ gé ìwàásù, ẹ fi èyí sílẹ̀. Ẹ gbé abọ́ omi kan sáàárín, ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ní ohun ayọ̀ tàbí ohun ìbànújẹ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá yóò dìde, yóò sọ ọ́ ní ìṣẹ́jú kan, yóò ju òkúta kan sómi, yóò padà lọ jókòó. Ẹnì kan kì í dáhùn, ẹnì kan kì í gbani nímọ̀ràn, ẹnì kan kì í sì í sáré gbàdúrà lé e lórí. Ní àwọn ìjọ Unitarian lókè òkun, àwọn mìíràn ń lo àbẹ́là dípò òkúta.

Àmọ́ Yorùbá kì í sọ gbogbo ohun tó ń ṣe é láwùjọ. A ń bẹ̀rù ayé. Obìnrin tí oyún bàjẹ́ mọ́ lára kò ní dìde sọ ọ́ lójú ogún ènìyàn, ọkùnrin tí wọ́n lé kúrò níbi iṣẹ́ kò sì ní fẹ́ kí àna òun gbọ́. Ìdí nìyẹn tí òkúta tí a jù láìsọ̀rọ̀ fi gbọ́dọ̀ ní àyè. Ẹ kéde rẹ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀: “Ẹ lè sọ ọ́, ẹ sì lè ju tiyín láìlanu.” Láìpẹ́ ẹ ó rí i pé àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ ló ń ju òkúta jù. Kí ẹni tí iṣẹ́ ìbẹ̀wò wà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣàkíyèsí wọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ kó yà sílé wọn, kó kí wọn, kó jókòó díẹ̀, kó má bèèrè ohunkóhun àyàfi bí wọ́n bá fẹnu ara wọn dá a sílẹ̀. Ohun tí a bá sì sọ níbi abọ́ omi kò gbọdọ̀ dé Ọjà Ọba. Ẹni tó bá gbé e jáde, kí àgbà méjì pè é sí kọ̀rọ̀ bá a sọ ọ́.

Lẹ́yìn òkúta, ẹ dákẹ́. Ìṣẹ́jú kan péré ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti kọ́ láti kékeré pé àdúrà gbọ́dọ̀ gbóná yóò kọ́kọ́ rò pé ẹni tó ń darí ti gbàgbé ohun tó kàn. Tó bá mọ́ yín lára, ẹ sún un sí mẹ́ta.

Ìwàásù: ìṣẹ́jú méjìlá. Ẹni tí kò wàásù rí lè ṣe é báyìí: kó mú ìbéèrè kan ṣoṣo tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn lóòótọ́, bíi bóyá ó yẹ kéèyàn máa dárí ji ẹni tí kò tọrọ àforíjì. Kó sọ ohun kan tó ṣẹlẹ̀ tó jẹ mọ́ ọn, kó sọ ibi tí òun bá a dé, kó wá jókòó. Lẹ́yìn rẹ̀ ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sílẹ̀ kí àwọn yòókù sọ èrò tiwọn. Òfin kan ló wà tí a kò gbọdọ̀ tẹ̀: ẹ kò gbọdọ̀ fi ẹ̀sìn ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́, àní ìjọ tí ẹ ti kúrò níbẹ̀ pàápàá. Ó rọrùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti ibì kan láti máa fi gbogbo Sunday bá wọn jà.

Ní ti àwọn ọmọdé, ẹ sọ àlọ́ tàbí ìtàn kan fún wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn, kí àgbàlagbà méjì wá kó wọn síta láti ṣeré. Méjì, kì í ṣe ẹyọ kan, nítorí ààbò àwọn ọmọ àti ti àgbà náà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ jẹun pa pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ináwó

Tíì, wàrà díndín, kúlíkúlí, omi tútù. Bó bá di mọ́ínmọ́ín, kó jẹ́ lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ọjọ́ tí ẹnì kan bá se ìrẹsì àti ẹran màlúù, ẹni tí yóò kàn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwáwí nìyẹn. Ẹ ra ẹran tí Mùsùlùmí pa, ẹ má gbé ọtí tàbí ẹlẹ́dẹ̀ wá, kí ẹnikẹ́ni má baà dúró sẹ́yìn. Ní oṣù Ramadan, ẹ pa oúnjẹ lẹ́yìn ìsìn tì, kí ẹ wá yan ìrọ̀lẹ́ kan fún ìṣínu: dàbínù, ẹ̀kọ gbígbóná, àkàrà, kí ẹ sì pe àwọn aládùúgbò tí ẹ lọ kí nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ìkómọ, ìgbéyàwó, ìsìnkú

Níbi ìkómọ, ìdílé ló ni ètò. Bí ìdílé bá pe lémọ́mù, ẹ jókòó, ẹ ṣe àmín, ẹ náwó fún ọmọ. Bí wọ́n bá ní kí ẹ̀yin sọ ọmọ lórúkọ, ẹ lo oyin, iyọ̀, orógbó àti omi bí ilé wọn ṣe ń lò ó.

Ìgbéyàwó tí òfin ìjọba mọ̀ kò ṣeé so ní ilé ìsìn tí kò gba ìwé àṣẹ. Ẹ jẹ́ kí tọkọtaya lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ lọ fọwọ́ síwèé, kí ẹ wá súre fún wọn ní ọjọ́ mìíràn.

Ikú ni ibi tí ìjọ kékeré ti ń dáràn. Nílé Mùsùlùmí, ọjọ́ kan náà ni wọ́n sábà máa ń sin òkú. Nílé Kìrìsìtẹ́nì, ó lè wà ní mọ́ṣúárì fún oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdílé kan náà lè ní irú méjèèjì. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni du òkú. Nígbà tí ara ṣì le, kí ọmọ ìjọ kọ̀ọ̀kan kọ bí òun ṣe fẹ́ kí wọ́n sin òun sínú ìwé, kó fún ọmọ rẹ̀ àgbà tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ẹ̀dà kan, kó fún akọ̀wé ní èkejì. Bí ìdílé bá tẹ̀lé e, ó dára. Bí wọn kò bá tẹ̀lé e, ẹ lọ síbi ìsìnkú tí wọ́n bá ṣe, ẹ dúró ti opó tàbí ọmọ òrukàn, kí ẹ wá ṣe ìrántí tiyín ní Sunday tó tẹ̀lé e pẹ̀lú òkúta àti omi. Lẹ́yìn tí èrò bá ti tú ká ni iṣẹ́ yín gan-an bẹ̀rẹ̀. Ẹ pín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ láàárín ara yín kí opó má baà wà níbẹ̀ tí ẹnì kankan kò ní yà kí i. Bí aláìsàn bá wà ní ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Òkè-Ose, ẹ rántí pé ó jìnnà sí ìgboro: owó ọkọ̀ fún ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ wúlò ju èso àti bisikí lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Owó

Ẹni méjì ni kó jọ ka ọrẹ kí ẹnikẹ́ni tó lọ sílé, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i. Àkántì ìjọ kò gbọdọ̀ wà lórúkọ ẹnì kan. Ní Sunday ìkẹyìn oṣù, akápò yóò ka iye tó wọlé àti iye tó jáde sétí gbogbo ìjọ, títí dé owó àbẹ́là. Ẹ má pe orúkọ ẹni tó dá owó jù.

Ìgbésẹ̀ keje: Ọjọ́ òdòdó, ní Okudù

Norbert Čapek, tó ń darí ìjọ Unitarian ní Prague, ní ilẹ̀ Czech, rí i pé búrẹ́dì àti wáìnì kò bá púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ lára mu mọ́, nítorí ohun tí ojú wọn ti rí nínú ìjọ àtijọ́. Ní 1923 ó ní kí kálukú mú òdòdó kan wá, kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò kan, kí kálukú sì mú òdòdó ẹlòmíràn lọ sílé. Àwọn Nazi pa á ní 1942, àmọ́ àṣà náà kò kú. Okudù ni ọ̀pọ̀ ìjọ ń ṣe é, ó sì bá wa mu: òjò ti rọ̀, ilá ti ń tanná, elégédé ti ń tanná, ìgbẹ́ ẹ̀yìn ilé kún fún òdòdó tí a kò mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ra òdòdó rọ́bà wá. Àlejò tí kò mú nǹkan kan wá, ẹ ti tọ́jú ewé tàbí òdòdó díẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà fún un, kí òun náà ní ohun tí yóò fi sínú ìkòkò.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ìwé ìjọba àti ìpàdé ọdọọdún

Ẹ má kánjú forúkọ sílẹ̀ kí ẹ tó jọ pàdé fún ọdún kan ó kéré tán. Bó bá yá, CAC ni ẹ ó lọ, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀ (kì í ṣe ìjọ Christ Apostolic), lábẹ́ CAMA, òfin iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́, ti 2020. Ẹ ó yan àwọn tí yóò dúró fún ìjọ. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, tàbí tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi jìbìtì láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn, kò lè sí níbẹ̀. Wọn yóò ní kí ẹ kéde orúkọ ìjọ nínú ìwé ìròyìn méjì, kí wọ́n fún ẹni tó bá ní àtakò ní ọjọ́ 28. Ẹ má fi ìdílé kan ṣoṣo kún inú àwọn tó dúró fún ìjọ, nítorí ọjọ́ tí ìjà ilé bá dé, ìjọ ni yóò bá a lọ.

Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹ jókòó lẹ́yìn ìsìn, ẹ ka ìwé owó, ẹ yan alága, akọ̀wé àti akápò. Ẹ kọ ọ́ sínú òfin yín pé kò sí ẹni tó lè ṣe ju ọdún mẹ́ta léraléra lọ nípò kan. Ní ọjọ́ tí akọ̀wé tuntun bá gba iṣẹ́, kí ti àtijọ́ fún un ní ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé, ìwé orúkọ, àwọn ìwé tí ọmọ ìjọ kọ nípa ìsìnkú wọn, ìwé ẹ̀rí CAC, àti àṣẹ ìdarí WhatsApp ìjọ, lójú gbogbo ènìyàn, kí àwọn méjèèjì sì fọwọ́ síwèé pé ó pé.